Àlejò Inú Àgbàdo, àti Ẹ̀rí Méjì tí ó Tú Àṣírí Rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba Ìwó Road kọjá ní ìlú Ìbàdàn ní ìgbà òjò yóò rí àgbàdo. Àwọn obìnrin a máa sun ún lórí ẹyín iná, àwọn mìíràn a máa sè é nínú ìkòkò ńlá, wọn a sì máa tà á fún àwọn èrò tí ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, sí Ifẹ̀ àti sí Iléṣà. Bí ènìyàn bá sì kúrò níbẹ̀, tí ó kọjú sí ìlú Ìwó tí ọ̀nà náà gba orúkọ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí ilé yóò fi máa dínkù tí oko yóò sì máa pọ̀ sí i. Títí dé Lálúpọn àti lẹ́yìn rẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ wà lára ohun tí ojú ń rí jùlọ. Kí iṣu tuntun tó jáde, àgbàdo ti dé. Òun ni a fi í ṣe ògì fún ọmọ ọwọ́, òun ni a fi í ṣe ẹ̀kọ fún àgbà, òun náà sì ni oúnjẹ adìyẹ. Nítorí náà, ohun tí ó bá bá àgbàdo jà, gbogbo ilé ni ó bá jà.

Ní oṣù kìíní ọdún 2016, irú ìjà bẹ́ẹ̀ dé. Ní àgbègbè igbó ìwọ̀-oòrùn gúúsù ilẹ̀ Nàìjíríà, àti nínú oko àgbàdo tí ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn tí a ń pè ní IITA dá sí Ìbàdàn àti Ìkẹ́nnẹ́, kòkòrò kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé àgbàdo ní àjẹrun. Ó wọ inú ọkàn ewé tí ó ká jọ, ó sì jẹ ẹ́ títí ewé náà fi dàbí aṣọ tí eku ti jẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ dàbí èéfọ́ pákó tí ayùn gé. Àwọn àgbẹ̀ ti mọ oríṣiríṣi kòkòrò tí í jẹ àgbàdo, ṣùgbọ́n irú èyí yàtọ̀. Ìbéèrè méjì ni ó wà nílẹ̀: ta ni àlejò yìí, níbo ni ó sì ti wá? Ẹni tí kò bá mọ orúkọ ọ̀tá rẹ̀ kò lè mọ ohun tí ọ̀tá náà ń bẹ̀rù.

OJÚ NÌKAN KÒ TÓ LÁTI DÁ A MỌ̀

Ohun tí kò jẹ́ kí ìdáhùn yá ni pé àwọn kòkòrò wọ̀nyí jọ ara wọn. Ilẹ̀ Áfíríkà ní irú tirẹ̀ tí ó ti ń jẹ koríko àti ọkà láti ìgbà pípẹ́ wá. Àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé náà ní Spodoptera. Nígbà tí ìjàǹbá náà kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, àwọn ìbátan tí ó wà nílé yìí ni a fura sí. Nígbà èwe wọn, kòkòrò tí ń fà nílẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá sì dàgbà, wọn a di afòpiná aláwọ̀ eérú tí í fò lóru. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wò wọ́n lè pe Táíwò ní Kẹ́hìndé.

Nítorí èyí, Georg Goergen, P. Lava Kumar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní IITA kò dúró lórí ìrísí nìkan. Wọ́n yẹ ara afòpiná náà wò fínnífínní, lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ìwé tí a kọ sínú ara rẹ̀. Kí òye ìwé náà tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ilé tí a fi í pamọ́ sí.

ILÉ-AGBÁRA INÚ ARA

Ènìyàn, ẹran, igi àti kòkòrò, gbogbo wọn ni a fi yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí kọ́. Sẹ́ẹ̀lì ni a ń pe yàrá wọ̀nyí. Nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni ohun tí ó tún kéré jù wọ́n lọ wà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mitochondria. Ilé-agbára ni wọ́n jẹ́, iṣẹ́ wọn sì dàbí iṣẹ́ ààrò. Wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ tí a mí sínú jó oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ láìsí ọwọ́ iná àti láìsí èéfín. Agbára tí ó ti inú rẹ̀ jáde ni ọkàn fi ń lù, òun ni ẹsẹ̀ fi ń rìn, òun náà sì ni kòkòrò fi ń fò. Iṣan tí afòpiná fi ń gbọn ìyẹ́ rẹ̀ kún fún ilé-agbára wọ̀nyí. Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé, FAO, sọ pé afòpiná tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí lè fò tó kìlómítà 100 ní òru ọjọ́ kan. Èyí tó àlọ àti àbọ̀ láti Ìbàdàn dé Ìwó.

Ní ìdí ààrò náà, òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn: òun ni í gbé ohun tí ó kù nínú iṣẹ́ náà lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Cytochrome oxidase ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá dáwọ́ dúró, ààrò a kú. Ìyá tí ń ṣe gàrí kò gbọ́ orúkọ yìí rí, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kíkorò kò ṣe é fi ìkánjú jẹ: a ní láti rin ín, kí a jẹ́ kí ó kan, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a sì yan án. Oró inú ẹ̀gẹ́ náà, tí a ń pè ní cyanide, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ yìí gan-an ni ó ń lọ. Ó dì í lọ́wọ́ mú, ara kò sì lè lo afẹ́fẹ́ mọ́, bí ó tilẹ̀ kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dín ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ kíkorò fi ń kan kù nítorí pé ọjà ti yá.

Ohun ìyanu ni pé ilé-agbára ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ìwé ńlá tí ó wà ní àárín sẹ́ẹ̀lì. DNA ni a fi kọ méjèèjì, lẹ́tà mẹ́rin péré ni a sì fi kọ wọ́n: A, C, G àti T. Ìwé kékeré yìí kò gùn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò, ó jẹ́ nǹkan bí 15,000 sí 16,000 lẹ́tà. Orí 37 ni ó wà nínú rẹ̀, orí kọ̀ọ̀kan ni a sì ń pè ní jíìnì. Mẹ́tàlá nínú wọn jẹ́ ìlànà bí a ti ń ṣe ẹ̀yà ààrò náà. Mẹ́rìnlélógún tí ó kù ń ran ara lọ́wọ́ láti ka àwọn mẹ́tàlá náà. Ní ọdún 1985, Clary àti Wolstenholme tẹ gbogbo lẹ́tà inú ìwé ti Drosophila yakuba jáde, èyí tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn eṣinṣin kéékèèké ilẹ̀ Áfíríkà tí í bò mọ́ èso. Lẹ́tà 16,019 ni wọ́n kà. Láti ìgbà náà ni a ti ka ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò mìíràn, tí a sì ń fi wọ́n wéra.

BÍ A TI Ń FI ÌWÉ WÉ ÌWÉ

Kò sí kòkòrò tí ó lè sọ àwọn orí mẹ́tàlá wọ̀nyí nù, nítorí pé kò sí èyí tí ó lè wà láàyè láìní ààrò. Eṣú ní wọn, oyin ní wọn, ẹ̀fọn ní wọn, afòpiná sì ní wọn pẹ̀lú. Bí a bá to ìwé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, orí kan náà ni ó wà nínú gbogbo wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ìwé labalábá àti afòpiná, ọ̀kan nínú àwọn orí kéékèèké ti ṣí kúrò ní ipò tí ó wà nínú ìwé ti eṣinṣin.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń da ìwé kọ láti ìran dé ìran kò lè ṣàìṣì í kọ. Lẹ́tà kan a bọ́ sí ipò òmíràn. Bí àṣìṣe náà bá ba ìlànà ààrò jẹ́, ẹni tí ó ní i a kú, àṣìṣe a sì bá a lọ. Bí kò bá ba nǹkan jẹ́, ó lè dúró, kí ó sì di àmì ìdílé. Bákan náà ni èdè rí. Ará Ìbàdàn ń sọ pé “ilé,” ará Èkìtì ń sọ pé “ulé”. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, síbẹ̀ ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti wá. Àwọn ìbátan tí ó súnmọ́ra ní ìyàtọ̀ lẹ́tà díẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti pínyà láti ọjọ́ pípẹ́ ní púpọ̀.

Nínú àwọn orí mẹ́tàlá náà, èyí tí a lò jùlọ ni COI, tí í ṣe ìlànà fún apá pàtàkì kan lára òṣìṣẹ́ ìkẹyìn tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2003, Paul Hebert ti Yunifásítì Guelph ní ilẹ̀ Kánádà dábàá pé kí a mú abala kan nínú jíìnì yìí, tí ó jẹ́ lẹ́tà bí 650, kí a sì sọ ọ́ di ilà ojú tí a ó fi máa dá ẹranko gbogbo mọ̀. Ilà ojú yìí ni àwọn ará IITA wò lára àlejò inú àgbàdo.

Nígbà tí wọ́n fi ìwé kòkòrò tí a mú ní Nàìjíríà àti ní erékùṣù São Tomé wé èyí tí ó ti wà nípamọ́, kì í ṣe ti ìbátan ilé ni ó bá mu. Spodoptera frugiperda ni, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí James Edward Smith ti kọ nípa rẹ̀ láti ọdún 1797. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Látìnì ni “èso tí ó sọnù,” orúkọ náà kò sì parọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé pé àlejò náà ti wọ ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà. Wọ́n sì fi kún un pé irú ìlà méjì ó kéré tán ni wọ́n rí nínú àwọn tí wọ́n kà. Èyí mú kí wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí kòkòrò náà sọdá òkun wá.

OHUN TÍ ÌWÉ ÌYÁ SỌ

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, bí kò ṣe ohun kan. Ìwé inú ilé-agbára kì í ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Ìyá nìkan ni ó ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́, nínú ẹyin. Ìwé iyèkan ni, kì í ṣe ìwé ọbàkan.

Láti bí ọdún 1986 ni Dorothy Pashley ti fi hàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé ẹ̀yà méjì ni kòkòrò yìí ní. Ọ̀kan fẹ́ràn àgbàdo. Èkejì fẹ́ràn ìrẹsì àti koríko kéékèèké. Ní ojú, kò sí ìyàtọ̀. Nínú ìwé ilé-agbára, ìyàtọ̀ wà. Nígbà tí a wá ka ìwé àwọn tí ó dé sí Áfíríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìwé ìyá wọn wí pé ẹ̀yà ìrẹsì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bani. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe olóko àgbàdo nìkan ni ó wà nínú ewu. Olóko ìrẹsì náà ní láti múra. Síbẹ̀ nínú oko àgbàdo ni a ti ń kó wọn, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣọṣẹ́.

OHUN TÍ ÌWÉ BÀBÁ SỌ

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Ẹ̀rí kejì wà, ìwé ńlá inú sẹ́ẹ̀lì sì ni a ti rí i. Jíìnì tí a ń pè ní Tpi ni. Òun pẹ̀lú jẹ́ ti iṣẹ́ agbára, ṣùgbọ́n kò sí nínú ilé-agbára. Ẹni tí ó la igi ìdáná ni, tí ó ń gé ṣúgà sí wẹ́wẹ́ kí ó tó dé ààrò. Nínú ìran afòpiná, ọ̀dọ̀ bàbá ni ọmọbìnrin ti ń gba jíìnì yìí. Nítorí náà, ohun tí COI bá gbàgbé nípa bàbá, Tpi lè rántí rẹ̀.

Ní ọdún 2017, Rod Nagoshi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn lórí àwọn kòkòrò tí a kó ní ilẹ̀ Tógò jáde. Wọ́n rí i pé wọ́n jọ àwọn ti ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti ti àwọn erékùṣù Káríbíà gidigidi, èyí tí ó tọ́ka sí ibi tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣí wá. Ní ọdún 2019, lẹ́yìn tí a ti ka púpọ̀ sí i láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà, ìwé bàbá fọhùn kedere: ẹ̀yà àgbàdo ni wọ́n. Ẹ̀yà ìrẹsì tòótọ́ ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí rárá.

Báwo ni ìyá ṣe lè wí báyìí kí bàbá sì wí báyẹn, tí kò sì sí èyí tí ó parọ́? Kí òǹkàwé fojú inú wo obìnrin ará Ìwó tí ó fẹ́ ọkọ ní Ìbàdàn. Ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ ará Ìbàdàn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ ará Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ títí dé ìran kẹwàá. Ní ìran kẹwàá, ẹni náà ń sọ èdè Ìbàdàn, ó ń jẹ oúnjẹ Ìbàdàn, ilé rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń tọ ìyá dé ìyá, Ìwó ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti kòkòrò yìí. Nígbà kan rí, ìyá ẹ̀yà ìrẹsì bá akọ ẹ̀yà àgbàdo pàdé, àwọn ọmọbìnrin wọn sì ń bá akọ ẹ̀yà àgbàdo lọ láti ìran dé ìran. Ìwé ilé-agbára ìyá kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí ó kù ti di ti àgbàdo.

Èyí kì í ṣe àlọ́ onímọ̀ lásán. Bí a bá ti gbọ́ ti ìyá nìkan, a ìbá ti kó olóko ìrẹsì láyà jẹ, a ìbá sì ti ná owó ìdáàbòbò sí ibi tí kò yẹ. Àgbàdo àti ọkà bàbà ni ó yẹ kí a ṣọ́ jùlọ. Kò wí pé kòkòrò náà kò lè tọ́ ewé mìíràn wò. Ó wí ibi tí ewu ti pọ̀.

ÌRÌN RẸ̀ ÀTI ÀWỌN Ọ̀TÁ RẸ̀

Láti ọdún 2016 sí 2018, àlejò náà ti wọ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ju ogójì lọ. Ní ọdún 2018, ó dé Íńdíà; ní ọdún 2019, ó wà ní Ṣáínà; ní ọdún 2020, ó ti dé Ọsirélíà. Ní ọdún 2017, àjọ CABI ṣírò rẹ̀ pé bí a kò bá ṣe nǹkan kan sí i, ilẹ̀ Áfíríkà méjìlá péré lè pàdánù àgbàdo tí ó tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 8.3 sí 20.6 lọ́dọọdún.

Ìrètí kò sì tán. Agbọ́n tín-ín-rín kan wà, Telenomus remus, tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Inú ẹyin kòkòrò yìí ni ó ń yé ẹyin tirẹ̀ sí, ọmọ agbọ́n a sì jẹ ọmọ afòpiná kí a tó bí i. A ti ń rò bí a ó ti gbé e wá láti òkèèrè. Ní ọdún 2019, Marc Kenis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ó ti wà ní Áfíríkà tẹ́lẹ̀: wọ́n rí i ní Benin, ní Côte d’Ivoire, ní Niger, ní Kenya àti ní Gúúsù Áfíríkà. Jíìnì ilé-agbára wà lára ohun tí wọ́n fi dá a mọ̀. Ìwé tí ó tú àṣírí olè náà ni ó fi ọlọ́dẹ hàn.

OHUN TÍ ÀGBẸ̀ LÈ ṢE

Kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní iwájú orí kòkòrò tí ó ti dàgbà díẹ̀, ilà funfun kan wà tí ó dàbí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò. Lẹ́bàá ìdí rẹ̀, àmì dúdú mẹ́rin wà tí ó tò ní igun mẹ́rin. Ẹyin rẹ̀ a máa wà pọ̀ lára ewé ní ọgọ́rùn-ún sí igba, irun bí òwú a sì bò wọ́n. Abo kan lè yé ẹyin tí ó ju 1,000 lọ ní ayé rẹ̀. Nígbà ooru, nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ ni ó fi ń ti ẹyin di afòpiná.

Kí ó gbin àgbàdo ní kété tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, nítorí pé àgbàdo tí ó pẹ́ nínú oko ni kòkòrò ń pọ̀ lé lórí. Kí ó máa rìn yí oko ká lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti ìgbà tí àgbàdo bá ti hù. Bí ó bá rí ẹyin, kí ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Bí oko bá kéré, ó lè ṣa kòkòrò kúrò lọ́wọ́, tàbí kí ó bu iyanrìn tàbí eérú díẹ̀ sí ọkàn ewé tí ó bá wọ̀. Omi èso dóńgóyárò tí a gún, tí a sì rẹ mọ́jú, a máa ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Kí ó tó ra oògùn apakòkòrò, kí ó ka igi àgbàdo ọgọ́rùn-ún ní oríṣiríṣi ibi nínú oko. Bí àgbàdo bá ṣì kéré, tí èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kò sì tó ogún, kò tíì yẹ kí ó fín nǹkan kan, nítorí pé oògùn a máa pa agbọ́n tí ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí fífín bá pọn dandan, àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó dára, nígbà tí kòkòrò bá jáde. Lẹ́yìn tí àgbàdo bá ti yọ irùkẹ̀rẹ̀, oògùn kò wúlò fún olóko kékeré mọ́.

Kí ẹni tí ń fín oògùn bo imú, ẹnu, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ó má ṣe kọjú sí afẹ́fẹ́. Kí ó wẹ̀ kí ó tó jẹun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ omi mímu tàbí epo sínú ìgò tí oògùn ti wà. Kí a má sì ṣe ya àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fín wá sí ọjà kí ọjọ́ tí a kọ sára oògùn náà tó pé, nítorí pé ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni yóò jẹ ẹ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà.